Díìsìkì Tí Mo Rà Nítorí Bàbá Mi

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi níbi iṣẹ́ a máa bi mí ní ìbéèrè kan náà. Wọ́n á ti ra àpótí ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ máa kó fíìmù àti fọ́tò ilé wọn sí, wọ́n á ti ki díìsìkì ńláńlá mẹ́ta mẹ́rin bọ inú rẹ̀, wọ́n á wá gbọ́ lẹ́nu ẹnìkan pé tí àwọn bá fi SSD kékeré kan, ìyẹn díìsìkì tí kì í yí, síwájú àwọn díìsìkì ńlá yẹn, ṣe ni gbogbo rẹ̀ á máa fò. Ṣé òótọ́ ni? Mo máa ń sọ fún wọn pé irọ́ ni. Mo ní kí wọ́n fi owó náà ra bátìrì. Àwọn kan á gbà, àwọn kan á rò pé ahun ni mí. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Abuja láti bí ọdún mọ́kàndínlógún, n kò sì fẹ́ràn àríyànjiyàn lórí ohun tí ènìyàn lè fi aago wọ̀n. Mo ti fi aago wọ̀n ọ́n. Oṣù mẹ́ta ni mo fi wọ̀n ọ́n, mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ohun tí n kì í sọ fún wọn ni ìdí tí mo fi ń wọ̀n ọ́n, àti ohun tó wà níwájú mi tí n kò rí ní gbogbo ìgbà yẹn.

Inú sítọ́ọ̀ ilé wa ní Gwarinpa ni àpótí náà wà, láàárín ike gààrì àti bátìrì ínfátà. Kò tóbi ju páálí bàtà méjì tí a tò léra lọ. Díìsìkì mẹ́rin ló ń yí nínú rẹ̀. Bí ènìyàn bá fi etí ti ilẹ̀kùn, yóò gbọ́ wọn tí wọ́n ń kùn. Ìyàwó mi, tó jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, máa ń sọ fún àlejò pé ọkọ òun bí ọmọ kan sínú sítọ́ọ̀ tí kò mọ iṣẹ́ méjì ju kó máa jẹ iná lọ. Fíìmù àwọn ọmọ wà níbẹ̀, wáàsí wà níbẹ̀, gbogbo fọ́tò tí a ti yà láti ìgbà tí a ti fẹ́ra wà níbẹ̀. Mo ṣètò rẹ̀ kí tẹlifíṣọ̀n inú pálọ̀ lè máa gbé ohun tó wù wá jáde láìlo dátà. Ẹni tó bá ti ra dátà fún ọmọ mẹ́ta rí kò ní bi mí pé kí ló dé.

Bàbá mi dé láti Ọ̀yọ́ nígbà tí ọyẹ́ ń kásẹ̀ nílẹ̀. Aago ni wọ́n ń tún ṣe. Ó lé ní ogójì ọdún tí wọ́n fi jókòó sídìí tábìlì kékeré kan lẹ́bàá ọ̀nà ọjà, tí wọ́n fi gíláàsì oníhò kan há ojú, tí wọ́n ń tú ohun tí kò tó èékánná ọmọ tuntun. Nígbà tí wọ́n pè mí pé àwọn ti ti ṣọ́ọ̀bù pa, n kò béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n ní àwọn ènìyàn kò wọ aago mọ́, pé fóònù ni gbogbo ayé ń wò tí wọ́n bá fẹ́ mọ ohun tí aago lù. Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání. Èmi fúnra mi kì í wọ aago. Mo ní kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa, wọ́n sì wá, pẹ̀lú báàgì kan àti àpótí irinṣẹ́ wọn, tí wọn kò ṣí láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé.

Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ lára ẹ̀rọ inú sítọ́ọ̀. Ìyá mi ti kú láti bí ọdún mẹ́jọ. Ìyá mi kò fẹ́ràn fọ́tò rárá. Bí ayàwòrán bá ti yọ lókèèrè, wọ́n á ti wọ ilé ìdáná lọ. Àfi ọjọ́ ìkómọ àkọ́bí wa, tí a gbé ọmọ lé wọn lọ́wọ́ tí wọn kò rí ibi sá sí. Oníkámẹ́rà ká wọn mọ́ orí àga fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá gbáko. Láàárín ìṣẹ́jú mọ́kànlá yẹn, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n bá ọmọ sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí bàbá mi lọ bu omi wá, wọ́n sì tún bínú sí oníkámẹ́rà. Kò sí ibòmíràn láyé mọ́ tí ènìyàn ti lè rí ìyá mi kí wọ́n máa mira. Bàbá mi ní àwọn fẹ́ máa wò wọ́n lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìrun alásàrì, kí àwọn máa rí ojú wọn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́, wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ní òun fẹ́ mu omi.

Mo ṣètò rímóòtù kó fi jẹ́ pé bọ́tìnì kan ṣoṣo ni wọ́n máa tẹ̀. Bàbá mi ní kí n lẹ nǹkan mọ́ bọ́tìnì náà kí ìka àwọn lè máa mọ̀ ọ́n. Mo gé téèpù kékeré lẹ̀ mọ́ ọn. Mo rò pé àṣà oníṣẹ́ ọwọ́ ni, pé ìka wọn ti mọ́ra láti máa dá irinṣẹ́ mọ̀ láìwò ó. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ṣàlàyé fún wọn.

"Bàbá, tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, ẹ ní sùúrù. Àwòrán yẹn á kọ́kọ́ ṣú bí ìgbà ọyẹ́. Tó bá yá, á mọ́lẹ̀."

Òótọ́ ni mo sọ. Bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn: ó máa ń yára fi àwòrán tí kò dán ránṣẹ́ kí ojú tẹlifíṣọ̀n má baà ṣófo, kó tó fi èyí tó dán tẹ̀lé e. Kì í gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ. Bàbá mi ní àwọn gbọ́, pé sùúrù kì í ṣe ìṣòro àwọn.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi sọ ọ́. Mo ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, mo ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀rọ rẹ yìí ń pẹ́ o," wọ́n ní. "Kì í tètè mọ́lẹ̀."

Tó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló sọ bẹ́ẹ̀, ǹ bá ní kó máa fi fóònù rẹ̀ wo tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá mi kì í ṣàròyé. Wọ́n lè jẹ ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ tán kí wọ́n sì dúpẹ́. Kí n má purọ́, ó tún ká mi lára nítorí iṣẹ́ mi. Ènìyàn kò lè máa tún kọ̀ǹpútà ìjọba ṣe láti àárọ̀ dalẹ́ kí tilé tirẹ̀ wá máa wọ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà mo mú fóònù, mo ṣí aago tí wọ́n fi ń ka àáyá, mo tẹ bọ́tìnì, mo kà á. Ìṣẹ́jú àáyá méjìlá. Mo tún kà á ní alẹ́ méjì tó tẹ̀lé e, kò yí padà, mo kọ ọ́ sínú ìwé kan tí n kò lò mọ́. Inú mi dùn díẹ̀, kí n sọ òótọ́. Mo fẹ́ràn ìṣòro tó ní iye.

Ibi tí ọkàn mi lọ ni SSD. Mo ṣàlàyé fún bàbá mi pé àwọn díìsìkì tó ń yí yẹn ló ń pẹ́ kí wọ́n tó rí nǹkan, pé mo fẹ́ fi kékeré kan tí kì í yí, tó sì yára jù wọ́n lọ, síwájú wọn, kó máa tọ́jú ohun tí a bá ń béèrè léraléra.

"Bí irinṣẹ́ orí tábìlì," wọ́n ní. "Èyí tí mò ń lò lójoojúmọ́ á wà lórí tábìlì. Èyí tó kù á wà nínú dúrọ́ọ̀."

Mo ti jókòó síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ márùn-ún tí ìjọba sanwó rẹ̀, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Mo lọ sí ọjà kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ Sátidé. Ọmọ Ìlọrin kan tí mo máa ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ yọ ọ̀kan jáde kí n tó parí ọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú èyí. Original ni, a ò tíì tú u. Fíìmù yín á máa fly, wallahi."

"Ṣé ìwọ náà ti fi sí tìrẹ?"

"Kai, ẹ̀gbọ́n! Fóònù lèmi fi ń wo tèmi."

Ó yẹ kí n ti ibẹ̀ padà. Ohun tó ń bí mi nínú títí di òní ni pé mo mọ̀. Fíìmù kì í ṣe ohun tí ẹ̀rọ ń wá káàkiri. Ó wà lójú kan, gọ̀ọ̀rọ̀gọ̀, a ń kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, díìsìkì tó ń yí sì lè bù ú fún tẹlifíṣọ̀n yára ju bí tẹlifíṣọ̀n ṣe lè mu ún lọ. Ohun kéékèèké tó fọ́n káàkiri ni SSD ń ràn lọ́wọ́: orúkọ fíìmù, àwòrán ẹ̀yìn wọn, fọ́tò ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí a fẹ́ wò pọ̀. Mo mọ gbogbo èyí bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Ṣùgbọ́n bàbá ẹni ṣàròyé, ó yẹ kí wọ́n rí i pé a gbé nǹkan kan wálé. Mo sanwó.

Mo fi sí i lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Ojú ìwé tí orúkọ àwọn fíìmù wà ń ṣí wàrà, àwọn ọmọ pàápàá rí i. Fídíò ìyá mi, mo kà á: ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá ààbọ̀. N ò lè fi ìyẹn yangàn. Nígbà tí alásàrì kọjá tí bàbá mi ti wò ó tán, mo lọ bi wọ́n.

Ó yẹ kí n sọ bí mo ṣe máa ń bi wọ́n, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi dàgbà, ọmọ kì í lọ jókòó ti bàbá rẹ̀ kó máa wò wọ́n lójú. Bí wọ́n bá ń jẹun, o yẹra. Bí wọ́n bá ń sinmi, o dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, o kó ọwọ́ sẹ́yìn, o bi wọ́n ní ohun tí o fẹ́ bi wọ́n, wọ́n dá ọ lóhùn, o sì máa lọ. Mo ti di bàbá ọmọ mẹ́ta, irun àgbọ̀n mi ti ń funfun, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń bá bàbá mi sọ̀rọ̀ nínú ilé tí èmi fúnra mi ń san owó rẹ̀. Ẹnu ilẹ̀kùn pálọ̀ ni mo dúró sí. Ẹ̀yìn orí wọn ni mò ń wò.

"Bàbá, ṣé ó ti yá díẹ̀?"

"Ó ti dára," wọ́n ní, láìyíjú. "O ṣeun gan-an. Ọlọ́run á bù kún ọ."

Mo padà sídìí ìwé mi. Mo kọ mọ́kànlá ààbọ̀. Lábẹ́ rẹ̀ mo kọ pé Bàbá ní ó ti dára. Ìlà méjèèjì kò bára wọn mu, ó sì ń yọ mí lẹ́nu bí eegun ẹja tó há ọ̀fun. Ṣùgbọ́n ẹnu àgbà ni obì ti ń gbó. Mo sọ fún ara mi pé bóyá ojú ènìyàn ń rí ohun tí aago kò rí.

Láàárín ìgbà yẹn, ìyàwó mi ń sọ oríṣiríṣi nǹkan fún mi. Ó ní Bàbá da tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀bù. Mo ní tábìlì yẹn ló kéré jù, mo gbé tábìlì mìíràn wá láti yàrá. Ó ní Bàbá máa ń fọwọ́ tọ ògiri tí wọ́n bá ń lọ sí yàrá wọn. Mo ní gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti rẹ̀, mo pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó mọ́lẹ̀ jù.

"Dádì wọn," ìyàwó mi ní, "ṣé gbogbo nǹkan nílé yìí ló bàjẹ́ ni?"

Mo ní kò burú kí a máa tún nǹkan ṣe. Mo rò pé mo fèsì dáadáa.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn SSD, mo gbọ́ tí bàbá mi ń sọ fún ìyàwó mi nínú pálọ̀ pé ẹ̀rọ yìí tún ti ń ṣe é o, kò mọ́lẹ̀ lónìí rárá. Wọn kò sọ ọ́ fún mi. Ó dùn mí pé ìyàwó mi ni wọ́n sọ ọ́ fún. Mo wọ sítọ́ọ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo fi etí sí àpótí náà, ìgbà yẹn ni mo wá rí ohun tí ọmọ iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ì bá ti rí: kò sí ohun tó ń kùn. Àwọn díìsìkì ń sùn. Èmi fúnra mi ni mo ṣètò wọn kí wọ́n máa sùn tí ẹnikẹ́ni kò bá lò wọ́n fún ogún ìṣẹ́jú, nítorí iná ínfátà. Gbogbo ìgbà tí bàbá mi bá tẹ bọ́tìnì, ṣe ni àwọn díìsìkì ń ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí. Mo yí ètò náà padà. N kò ra ohunkóhun, n kò tú ìṣó kan. Mo tẹ bọ́tìnì, mo kà á: ìṣẹ́jú àáyá méjì.

Mo tún dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn lọ́jọ́ kejì. Mo bi wọ́n.

"Ó ti dára o," bàbá mi ní. "O ṣeun. Wàá jèrè ọmọ."

Èyí bára mu pẹ̀lú ohun tí aago sọ. Mo sùn dáadáa. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí nígbà náà bóyá SSD wúlò, ǹ bá rẹ́rìn-ín, ǹ bá sì sọ ìtàn oorun àwọn díìsìkì fún un bí àwàdà. Ó kù díẹ̀ kí ó jẹ́ ìtàn tó dùn.

Ṣùgbọ́n kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí wọ́n tún fi ní ó ń pẹ́. Wọ́n sọ ọ́ pẹ̀lú ìtìjú, bí ẹni tó ń tọrọ nǹkan lẹ́ẹ̀kẹta. Mo wọ̀n ọ́n: ìṣẹ́jú àáyá méjì. Mo tún un wọ̀n: méjì. Mo bínú, n kò sì mọ ẹni tí mò ń bínú sí. Mo dá ẹ̀bi fún Wi-Fi, tó ń gbé àwòrán gba inú afẹ́fẹ́ láti sítọ́ọ̀ dé pálọ̀ láìsí wáyà. Mo ra wáyà gidi, mo gun àkàsọ̀, mo wọ inú àjà ilé nínú ooru tó ń mú kí páànù máa dún, mo fa wáyà náà láti sítọ́ọ̀ títí dé ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀, aṣọ mi lẹ̀ mọ́ mi lára, bàbá mi sì wà lórí àga, wọ́n ń gbọ́ mi tí mò ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"O kú làálàá," wọ́n ní. "Ó ti mọ́lẹ̀ báyìí. Ó ti mọ́lẹ̀ kedere."

Mo kọ ìyẹn náà sínú ìwé.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni, nígbà tí Bàbá ti lo bí oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ wa. Ọ́fíìsì wa kì í kún lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo sì tètè kúrò. Kò sí ẹnikẹ́ni nílé àfi bàbá mi. Ìyàwó mi ti lọ kó àwọn ọmọ. Ẹnu ọ̀nà pálọ̀ ṣí sílẹ̀ nítorí afẹ́fẹ́, nítorí náà n kò wọlé láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn bí mo ṣe máa ń ṣe. Iwájú ni mo gbà wọlé, mo já sí ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n, mo sì kọjú sí bàbá mi. Ó lè jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti dé tí mo rí ojú wọn nígbà tí wọ́n ń wo fídíò náà.

Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Wọ́n gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. Wọ́n ń dúró de nǹkan.

Mo wo tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ti tẹ bọ́tìnì náà lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀, fídíò náà sì dúró lójú kan, láìdún. Ojú ìyá mi ló kún gbogbo rẹ̀. Ó dán. Mo lè ka pélé mẹ́ta tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mo lè rí òwú tó yọ ní etí gèlè wọn.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá."

Wọ́n yíjú sí ohùn mi, kì í ṣe sí mi gan-an.

"Yauwa, o ti dé," wọ́n ní. Ẹnu mallam tó ń ṣọ́ géètì ni wọ́n ti kọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. "Bá mi wo ẹ̀rọ yìí. Ó ṣì ń wá wọn. Ìyá rẹ ò tíì jáde."

Ẹ̀rù bà mí. Ẹ̀rù tó bà mí yẹn kì í ṣe irú èyí tó ń mú ènìyàn pariwo. Ó tutù. Mo rìn lọ bá wọn, mo sì ṣe ohun tí n kò ṣe rí láyé mi, mo jókòó tì wọ́n lórí àga kan náà, mo kọjú sí ibi tí wọ́n kọjú sí.

"Bàbá, kí ni ẹ̀ ń rí níbẹ̀ yẹn?"

"Ó funfun. Ìmọ́lẹ̀ wà níbẹ̀. Ó ṣú bí ọyẹ́, bí o ṣe sọ."

"Láti ìgbà wo ló ti ń rí báyìí?"

Wọ́n rò ó. Wọ́n rò ó dáadáa, bí ẹni tí kò fẹ́ purọ́ mọ́ ẹ̀rọ.

"Ní ṣọ́ọ̀bù, mo rò pé iná ọjà ni kò dára. Lẹ́yìn náà mo rò pé ojú àgbà ni. Nígbà tí mo débí, ìwọ lo ní kí n ní sùúrù, pé á mọ́lẹ̀."

"Ṣùgbọ́n ẹ ní ó ti dára. Gbogbo ìgbà tí mo bi yín, ẹ ní ó ti dára."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n nawọ́, wọ́n wá orúnkún mi títí wọ́n fi bà á, wọ́n sì gbá a pẹ́pẹ́.

"O gun àjà ilé. Mo gbọ́ bí o ṣe ń mí. Ta ló máa sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ ò dáa?"

Báyìí ni àwa méjèèjì ṣe bọ̀wọ̀ fún ara wa fún oṣù mẹ́ta. Èmi kò wo ojú wọn nítorí pé ọmọ kì í wo bàbá lójú. Àwọn kò sọ fún mi pé àwọn kò ríran nítorí pé àgbà kì í ba ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́kàn jẹ́. Kò sí ẹni tó ṣe ohun tí kò dára nínú wa. Ojú tì mí bí ẹni tó jalè.

A lọ sí ilé ìwòsàn ojú ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e. Wọ́n kán nǹkan sí bàbá mi lójú, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn lù ú, wọ́n wá gbé wọn sídìí ẹ̀rọ funfun kan tó rí bí àwo ńlá tí a dojú rẹ̀ kọ ènìyàn. Wọ́n fi bọ́tìnì kékeré kan lé wọn lọ́wọ́. Ìmọ́lẹ̀ bíńtín yóò máa tàn níhìn-ín lọ́hùn-ún nínú àwo náà, kí wọ́n máa tẹ bọ́tìnì nígbàkúùgbà tí wọ́n bá rí ọ̀kan. Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́. Àwọn ìmọ́lẹ̀ náà ń tàn, mò ń rí wọn láti ibi tí mo wà: lókè, nísàlẹ̀, lápá ọ̀tún, lápá òsì. Àtàǹpàkò bàbá mi wà lórí bọ́tìnì náà, wọ́n ní sùúrù gan-an. Ó pẹ́ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan.

Dókítà náà jẹ́ obìnrin tí kò gbọ́ Yorùbá, bàbá mi kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju èyí tí wọ́n fi ń tajà lọ. Èmi ni mò ń túmọ̀. Ó fi ìwé tó jáde láti inú ẹ̀rọ náà hàn mí; ó dúdú, àfi ojú kékeré kan láàárín tí kò tó owó ẹyọ. Ó ní omi inú ojú ló ń tì í láti inú, pé kì í dunni, pé láti ẹ̀gbẹ́ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìríran, títí yóò fi dé àárín. Ojú òsì ti lọ. Ó kù díẹ̀ nínú ọ̀tún, oògùn kíkán lè bá wa di èyí tó kù mú. Èyí tó ti lọ kò ní padà. Mo bi í pé ká ní a ti wá ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ńkọ́. Ó ní òun kò lè sọ, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta kì í ṣe kékeré fún ojú tó bá ti dé ibi tí èyí dé.

Mo túmọ̀ èyí tó ṣe é túmọ̀. Bàbá mi ń gbọ́, wọ́n ń mi orí díẹ̀díẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá èyí tó kù yẹn lè gba ojú ènìyàn kan tí a bá gbé wọn sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n dáadáa. Mo bi dókítà. Ó ní ó ṣeé ṣe, tí kò bá tún dín kù sí i. Bàbá mi ní àlùhámúdùlílàhì.

Dókítà wá mú bírò, ó ní òun nílò ìtàn rẹ̀ fún fáìlì. Ó ní kí n bi wọ́n pé, láti ìgbà tí ojú wọn ti ń ṣú, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni nílé kò mú wọn wá? Mo mú un rọ̀ díẹ̀ kí n tó sọ ọ́.

"Bàbá, dókítà ní kí ló dé tí a kò tètè wá."

Bàbá mi jókòó dáadáa. Wọ́n tún fìlà wọn ṣe, wọ́n kọjú sí ibi tí ohùn dókítà ti ń wá.

"Sọ fún un kó má ṣe rò pé ọmọ mi ń wò mí níran," wọ́n ní. "Sọ fún un pé gbogbo ìgbà tí mo bá ti ní kò mọ́lẹ̀ lo máa ń dìde. O ra èyí, o ra tọ̀hún, o gun àjà. O kò sinmi. Sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́."

Dókítà gbé bírò dúró, ó ń wò mí, ó ń dúró de ìtumọ̀ rẹ̀. Mo sọ fún un ní Gẹ̀ẹ́sì pé èmi ni mo wà pẹ̀lú wọn nínú ilé, tí n kò sì wò wọ́n.

Bàbá mi gbọ́ ohùn mi títí mo fi dákẹ́. Wọ́n mi orí, inú wọn dùn.

"Bẹ́ẹ̀ ni, dókítà," wọ́n ní. "Bó ṣe sọ ọ́ yẹn gan-an ló rí."